Ẹni Tó Ní Gègé Là Ń Gbọ́ Ẹkún Rẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ka ìwé William Bradford tí wọ́n ń pè ní Of Plymouth Plantation. Nígbà àkọ́kọ́, omi bọ́ lójú mi. Nígbà kejì, inú bí mi. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi.

Bradford wà lára èrò 102 tí ọkọ̀ Mayflower gbé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé etíkun Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá ọdún 1620. Òtútù ti dé, ilé kò sí, oúnjẹ kò tó. Kí òtútù náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, nǹkan bí ìdajì wọn ti kú. Ó ní nígbà tó le jù, ẹni mẹ́fà tàbí méje péré ló lè dìde. Àwọn ló ń ṣẹ́gi, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń fọ aṣọ ẹlẹ́gbin àwọn aláìsàn. Kò pariwo rárá, bó ṣe rọra sọ ọ́ gan-an ló fi ń wọni lára. Dorothy ìyàwó rẹ̀ pàápàá kú sómi ní oṣù kejìlá ọdún náà. Kò mẹ́nu bà á nínú ìtàn. Inú àkọsílẹ̀ orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé ló ti sọ pé ìyàwó òun kú láìpẹ́ tí wọ́n dé. Ó parí!

Ṣùgbọ́n àgbado ńkọ́? Èyí tí àwọn onílẹ̀ rì mọ́lẹ̀ pamọ́, tí àwọn àjèjì wọ̀nyí hú kó lọ, oore Ọlọ́run ni Bradford pè é. Oore Ọlọ́run kẹ̀! Oko ta ni Ọlọ́run ti ká a? Kí n má purọ́ mọ́ ọn o, ó ní àwọn san án padà lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà.

Ẹ tún wo Tisquantum, tó kọ́ wọn bí a ti ń fi ẹja ṣe ajílẹ̀ àgbado. Ní 1614, Thomas Hunt, ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, jí i gbé lọ tà ní Sípéènì. Nígbà tó fi padà dé ní 1619, àjàkálẹ̀ àrùn ti pa àwọn ará Patuxet, ìlú rẹ̀, run. Orí ahoro yẹn ni wọ́n tẹ Plymouth dó sí. Bradford mọ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irinṣẹ́ tí Ọlọ́run fi ran àwọn lọ́wọ́ ló ṣe rí ọkùnrin náà.

Mo wá ń bi ara mi pé: ẹni tí kò lè sunkún ìyàwó ara rẹ̀ nínú ìwé, ṣé ìlú ẹlòmíràn ni yóò sunkún fún?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣé kí a wá pa ìwé náà tì? Rárá o. Ìyà jẹ wọ́n lóòótọ́, ọkùnrin yìí sì mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ kà á, ẹ bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibi tó ti mẹ́nu kan agbárí àti egungun tó wà káàkiri nílẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kù láti sin wọ́n, ẹ dúró díẹ̀. Bradford kò dúró pẹ́ níbẹ̀. Àwa ló kù tí a ó dúró.