Néstor Almendros àti Ìmọ́lẹ̀ Ojú Fèrèsé

Ìlú Barcelona ni wọ́n ti bí Néstor Almendros ní 1930, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn odi ló ti fi iṣẹ́ kámẹ́rà jẹun: Kúbà, Faransé, lẹ́yìn náà Amẹ́ríkà. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kì í tan iná tí kò nídìí. Ní Kúbà, nínú ilé àwọn àgbẹ̀, dígí ló fi ń gba oòrùn ìta wọ yàrá. Ẹnìkan lè ní àìrí àdàn ló jẹ́ kó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. N kò gbà. Nígbà tí iná pọ̀ níkàáwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ fíìmù Days of Heaven, tí Terrence Malick darí ní Alberta, Kánádà, pípa ló ń pa wọ́n, débi pé àwọn òṣìṣẹ́ kan rò pé kò mọṣẹ́. Wọ́n á dúró kí oòrùn wọ̀ tán kí wọ́n tó ya ọ̀pọ̀ ìran rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá: nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. (Ẹni tó ń sanwó ló mọ bí ìdúró yẹn ṣe rí lára.)

Àríwísí tó le jùlọ ni pé kò parí fíìmù náà. Ó ti ṣèlérí iṣẹ́ fún olùdarí François Truffaut, ó sì padà sí Faransé. Haskell Wexler, oníkámẹ́rà mìíràn, ló parí rẹ̀, síbẹ̀ Almendros nìkan ló gba Oscar ní 1979. Àròyé tí Wexler ṣe nípa ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ìlara o, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀ ló tọ̀. Ẹ wo àwọn fíìmù tí Almendros bá olùdarí Éric Rohmer yà ní Faransé ṣáájú Alberta: níbẹ̀ náà, ojú fèrèsé ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé.