Ìlú tí Ìwé Gbé Dìde

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Nítorí náà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìwé kan, àti nípa ìlú tí wọ́n ti kọ ọ́.

Orúkọ ìwé náà ni The Diary of a Bookseller. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: ohun tí òǹtàwé kan ń kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Shaun Bythell ni ó kọ ọ́. Ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2017, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìlú náà. Wigtown ni wọ́n ń pè é, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Skọ́tláǹdì. Ìlú kékeré ni. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò ju bí 1,000 lọ. Nígbà kan, ọkọ̀ ojú irin ń dé ibẹ̀. Ní 1950, kò gbé èrò mọ́. Ní 1964, kò gbé ẹrù náà mọ́. Ilé iṣẹ́ méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé: ilé iṣẹ́ wàrà màlúù, àti ilé tí wọ́n ti ń ṣe ọtí wisikí ní Bladnoch, nítòsí ìlú. Wọ́n ń se wisikí kí ó tó di ọtí líle, bí a ti ń se sódàbì. Ilé iṣẹ́ wàrà tì. Ní 1993, ilé ọtí náà tì.

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Bí apá méjèèjì bá kán ńkọ́? Iṣẹ́ tán, ṣọ́ọ̀bù ń tì, ilé ń ṣófo.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n ń wá ìlú kan ní Skọ́tláǹdì tí yóò di Ìlú Ìwé. Ìlú mélòó kan du ipò náà. Wigtown ni ó gbà á, ní 1998. Àwọn òǹtàwé gba ilé tó ṣófo, wọ́n kó ìwé àlòkù sí i. Ní 1999, àjọ̀dún ìwé bẹ̀rẹ̀, ó sì ń kó àlejò wá lọ́dọọdún. Ilé ọtí náà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2000. Ó tún ṣubú ní 2014, ó tún dìde ní 2017. Ẹ rí i pé ìdìde ìlú kì í ṣe ohun ọjọ́ kan.

Ibí yìí ni ìwé Bythell ti wúlò. Ó ra ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní 2001. Ìwé tó wà níbẹ̀ tó 100,000. Síbẹ̀, kò fọ́nnu. Láti oṣù kejì ọdún 2014, ó ń kọ ọ́ lójoojúmọ́: ìwé mélòó ni wọ́n bèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mélòó ni ó rí lórí pẹpẹ, èló ni ó wọ àpótí owó, oníbàárà mélòó ni ó rà. Nígbà òtútù, owó ọjọ́ mìíràn kéré púpọ̀. Inú ń bí i sí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já owó ìwé wálẹ̀. Ó tilẹ̀ yìnbọn lu ẹ̀rọ ìkàwé Kindle kan, ó sì gbé e kọ́ ara ògiri! Ẹnu lè sọ pé ìlú ti dìde. Àpótí owó ni yóò sọ bí ó ti dìde tó.

Ṣùgbọ́n mo rí àléébù méjì. Èkíní, ó ń fi àwọn oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ó ń pa ni lẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n lára àwọn àlejò wọ̀nyí ni ìlú ti ń jẹun. Èkejì, ìdí káńtà rẹ̀ ni ó ti ń wo ìlú. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ wàrà, ṣé ó rí iṣẹ́ nínú ìwé títà? Bí a bá ní ìlú kan là, ó yẹ kí a bèèrè pé: ta ni ó là? Ìwé yìí kò dáhùn ìbéèrè náà tó.

Síbẹ̀, ìwé gidi ni, nítorí kò bo ọjọ́ tí ọjà kò tà mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ mú ìwé ìkọ̀wé kan. Ẹ kọ déètì, ẹ kọ iye tí ẹ tà, ẹ kọ iye ẹni tó rà. Bí ọdún bá yípo, ẹ kà á. Ìwé tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ni yóò sọ òótọ́ ọjà yín fún yín.