Àdó Àkàlà àti Awọ Ẹfọ̀n: Àrólákẹ́ nínú Sinimá Aníkúlápó

Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan ń jiyàn ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìbàfò. Sinimá Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọ̀láyàn darí, tó sì jáde ní ọdún 2022, ni wọ́n ń sọ. Sinimá àgbàlagbà ni, kì í ṣe èyí tí a ń wò ní kíláàsì, ṣùgbọ́n wọ́n ti wò ó. Gbogbo wọn ló fẹnu kò pé obìnrin burúkú ni Àrólákẹ́. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ìdájọ́ náà yá jù.

Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ ni ibùdó ìtàn. Sàró, ahunṣọ-òfì tó ti Gbọ̀ngán wá, àti Àrólákẹ́, olorì Aláàfin, ń yan ara wọn lálè. Àṣírí tú, wọ́n pa Sàró, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú igbó. Ẹyẹ Àkàlà ló jí i. Nígbà tí Àrólákẹ́ yọ, àdó ẹyẹ náà di tiwọn, òkìkí Sàró sì kàn pé ó ń jí òkú.

Ẹ jẹ́ kí a rántí àlọ́ ọdẹ àti obìnrin ẹfọ̀n. Ọdẹ gbé awọ ẹfọ̀n pamọ́, ó sì fi obìnrin náà ṣaya. Nígbà tí wọ́n fi ìṣẹ̀dá rẹ̀ bú u, ó wá awọ rẹ̀ rí, ó gbé e wọ̀, ó padà sígbó. Awọ yẹn kì í ṣe ẹ̀wù lásán. Òun gan-an ni obìnrin náà.

Àrólákẹ́ kò ní awọ tirẹ̀. Láàfin, olorì ọba ni. Nílé Sàró, àgàn ni. Ẹlòmíràn ló ń sọ ẹni tó jẹ́ fún un. Èmi tí mo ń kọ èyí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun ni, nítorí ọdún kẹjọ rèé tí mo ti wà nílé ọkọ tí n kò tí ì bímọ. A kò sọ pé àlè yíyàn dára. Ohun tí a ń wí ni pé ọjọ́ tí Àrólákẹ́ fi ilé Sàró sílẹ̀ ni ó gbé awọ tirẹ̀ wọ̀. Àkàlà kò bèèrè owó lọ́wọ́ Sàró kó tó jí i. Sàró ló sọ ìyè di ọjà, títí tó fi ní kí wọ́n fún òun ní ọmọ ọba. Àrólákẹ́ lọ, ọjà náà sì tú.

Síbẹ̀, sinimá náà ní àbùkù. Ìṣubú Sàró ló gba gbogbo ìparí rẹ̀, tó fi dà bí ẹni pé ẹ̀san nìkan ni Àrólákẹ́ wá ṣe. Àlọ́ ẹfọ̀n sàn jù ú lọ níbí, nítorí ó sin obìnrin náà dé igbó. Lóòótọ́, ìtẹ̀síwájú ìtàn jáde ní 2024, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ lè dá dúró.

Ní ìparí, ẹ̀yin olùkọ́ àti olùdánwò, kí a tó dá ẹ̀dá ìtàn lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè méjì: kí ni àwọn mìíràn ń pè é? Kí ni òun pe ara rẹ̀?