Ìkarahun Ọta Onídẹ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Un Rọ

Ìlú ọdẹ ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdẹ ni Ògúnlọlá tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ọdẹ sì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Alongo. Ìbọn tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ jù lọ ni ṣakabùlà, èyí tí wọ́n ń kì láti ẹnu: ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, àkísà tàbí ihá á tẹ̀ lé e, ọta á wọlé, wọ́n á sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò nílò ìkarahun kankan. Ìbọn tó ń gba ọta láti ẹ̀yìn ló mú ìkarahun idẹ dé, lára rẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọwọ́ kan ti yọ, èyí tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù mọ̀ dáadáa: wọ́n á mú ìkarahun tí wọ́n ṣe fún ìbọn kan, wọ́n á tún un rọ kó lè bá ìbọn mìíràn mu. Ẹni tó bá ti dúró ní ilé àgbẹ̀dẹ rí yóò rí ohun tó mọ̀ nínú rẹ̀, yóò sì rí ohun tó yàtọ̀ pátápátá.

Ìkarahun náà jẹ́ ife idẹ tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpín idẹ rẹ̀, 70 jẹ́ bàbà, 30 jẹ́ síńkì. Ó ní ìdí, ara, èjìká, ọrùn àti ẹnu. Ìdí rẹ̀ nípọn, ó sì le. Ògiri rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i bó ṣe ń gòkè lọ sí ẹnu. Inú ara ni ẹ̀tù wà, ọrùn ló di ọta mú, ìdí sì ni ohun kékeré tó ń ṣáná wà. Bí wọ́n bá yin ìbọn, idẹ á wú, á lẹ̀ mọ́ ògiri ihò ìbọn, kò ní jẹ́ kí èéfín àti iná padà sí ojú ẹni tó yìn ín. Lẹ́yìn náà ni yóò sún padà díẹ̀, kó lè ṣeé fà jáde. Ẹ̀tù ti jó, ọta ti lọ, ṣùgbọ́n idẹ ṣì wà lódindi.

Kì í ṣe gbogbo ìkarahun ló lè di òmíràn. Ìdí ni wọ́n fi ń mọ ìbátan wọn, torí pé ọrùn àti èjìká ṣeé yí padà, ìdí kò ṣeé yí. Èyí tí wọ́n ń pè ní .30-06, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà ní 1906, gùn tó mílímítà 63. Nígbà tí .308 Winchester jáde ní 1952, mílímítà 51 ni gígùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí méjèèjì ò yàtọ̀, nǹkan bíi mílímítà 12. Láti ara .308 ni .243 ti jáde ní 1955. Ọrùn ni wọ́n fún kó tín-ín-rín. Ní ti .303 tí àwọn ọmọ ogun wa yìn ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, etí wà ní ìdí rẹ̀, kò sí lára ẹbí yìí.

Ibi tí iná ti wọ iṣẹ́ náà ló wù mí jù. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé bí irin àdá bá pọ́n nínú iná, tí a tì í bọ omi, ńṣe ni yóò le. Idẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Lílù, títẹ̀ àti fífún ló ń mú idẹ le; iná ló ń dẹ̀ ẹ́, bí a bá sì tì í bọ omi lẹ́yìn iná, yóò ṣì rọ̀. Ìkarahun tí wọ́n ti yìn tí wọ́n sì ti fún lọ́pọ̀ ìgbà á ti le, bí wọ́n bá fipá fún un láì fi iná kàn án, yóò ya láti ẹnu. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń to ìkarahun lóòró sínú àwo omi, kí omi bo ìdí rẹ̀ dé agbede ara, tí wọ́n á wá kọ iná gáàsì sí ọrùn àti èjìká nìkan. Àwọ̀ idẹ á yí, wọ́n á sì taari rẹ̀ ṣubú sínú omi kó tó pọ́n. Omi yẹn ló ń dáàbò bo ìdí. Ìkarahun tí ìdí rẹ̀ bá ti rọ̀ kò ṣeé lò mọ́, torí ibẹ̀ ni agbára ẹ̀tù ń tì sẹ́yìn.

Lẹ́yìn iná, wọ́n á fi òróró díẹ̀ pa á lára, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ inú mọ́ọ̀dù irin líle. Òróró kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Bó bá pọ̀, yóò há sí èjìká, yóò sì tẹ idẹ wọnú. Bí .30-06 bá ti di .308, wọ́n á gé ohun tó bá yọ kúrò lórí. Àmọ́ ọrùn tuntun yìí, ara ìkarahun ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọn kò bá fá a, kò ní ráyè wú kó lè tú ọta sílẹ̀, agbára inú ìbọn á sì ga kọjá ààlà. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ kọ orúkọ tuntun sára páálí tí wọ́n kó o sí, torí orúkọ àtijọ́ ṣì wà ní ìdí ìkarahun, ó sì lè ṣi ẹlòmíràn lọ́nà.

Àìrí ọta rà ló sọ iṣẹ́ yìí di pàtàkì. Lẹ́yìn 1945, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó ìbọn Japan wálé, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ ṣọ̀wọ́n; .30-06 tó wà káàkiri ni wọ́n tún rọ fún un, ìbọn tí ì bá di ohun ìgbékọ́ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 fi ṣíṣe ìbọn àti ọta sábẹ́ àṣẹ ìjọba, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí ọdẹ lè dá sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ìkarahun tó bá ya kò ní àtúnrọ mọ́, ṣùgbọ́n idẹ ni, ó ṣeé yọ́. Àlòkù idẹ ni asúdẹ ilẹ̀ Yorùbá náà máa ń yọ́ sínú ìkòkò amọ̀ kó tó dà á sínú mọ́ọ̀dù.