Iná Dà Nínú Àwòrán Revere?

Mo tún padà sídìí àwòrán Paul Revere tí John Singleton Copley yà ní 1768, tó wà ní Museum of Fine Arts ní Boston. Ẹ wò ó dáadáa: alágbẹ̀dẹ fàdákà gbé ìkòkò tíì lọ́wọ́, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ẹ̀wù rẹ̀ funfun báláú, tábìlì ń dán bíi dígí, irinṣẹ́ ìfín mélòó kan wà lórí rẹ̀. Iná dà? Ẹwìrì dà? Àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ ńkọ́?

Copley mọ àwòrán yà, mi ò bá a jà síyẹn. Ẹjọ́ mi ni pé ó sọ odindi ṣọ́ọ̀bù di ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni Revere ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀dọ̀ John Coney ni bàbá náà ti kọ́ tiẹ̀. Bàbá kú ní 1754, iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, òun náà sì gba ọmọọ̀ṣẹ́. Wọ́n ń yọ́ owó fàdákà àti ohun èlò àlòkù, wọ́n ń lù ú di abọ́. Síbẹ̀, orúkọ ọ̀gá nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ sí i lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà, ẹ má gba àwòrán yìí gbọ́ tán o. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.