Òkùnkùn Inú Fótò SX-70

Láyé fíìmù, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń fọ fótò. Ayàfótò á ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá tí ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ dé, oníbàárà á sì lọ sílé lọ máa retí. Ní 1943, ọmọbìnrin kékeré kan ní Amẹ́ríkà bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí òun kò fi lè rí fótò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya òun. Edwin Land, olùdásílẹ̀ Polaroid, ni bàbá náà. Kámẹ́rà tó fi dá a lóhùn dé ọjà ní Boston ní 1948, ṣùgbọ́n kámẹ́rà Polaroid SX-70 ti 1972 ni àrà tó ga jù lójú tèmi.

Ẹ wo fótò rẹ̀ dáadáa. Etí funfun ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju ti ibi yòókù lọ, nítorí pé àpò kẹ́míkà kékeré kan fara pamọ́ síbẹ̀. Bí fótò bá ti ń jáde, róólà irin méjì á fún àpò náà títí á fi bẹ́, kẹ́míkà á sì tẹ́ káàkiri. Ojú oòrùn ni fótò tí kò tíì fọ̀ yìí bọ́ sí, ó yẹ kó bàjẹ́ níbẹ̀. Aró dúdú inú kẹ́míkà náà ni kò jẹ́ kó bàjẹ́: ó bo ojú fótò, ìmọ́lẹ̀ kò ríbi wọlé. Lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ń gòkè wá díẹ̀díẹ̀. Ásíìdì tí wọ́n ti tò sínú fótò á wá rọ kẹ́míkà náà lágbára, dúdú aró á ṣí, àwòrán á hàn lórí funfun. Yàrá òkùnkùn odidi, nínú ohun tí a fi ìka méjì mú! Àwọn tó ń jù ú fìrìfìrì kó lè yá ń ṣe wàhálà lásán. Afẹ́fẹ́ kò dé ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ.

Walker Evans, àgbà ayàfótò, ti ń súnmọ́ 70 ọdún nígbà tó mú SX-70 lọ́wọ́ ní 1973. Ó fi ya fótò tó lé ní 2,600: lẹ́tà ara pátákó, ojú àwọn ọ̀rẹ́. Mo gbà pé rírí iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ ló wù ú. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ṣì wà níwájú ohun tó ń yà.

Bí irú fótò yìí bá wà nínú álíbọ́ọ̀mù ìdílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì gé etí rẹ̀. Kò ní nẹ́gátíìfù tí a lè fi tẹ òmíràn níbì kankan.