Nígbà Tí Ẹnu Bá Di Ìlù: Magma ní Páríìsì, 1975

Ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Prof, ẹ máa ń sọ fún wa ní kíláàsì pé èdè tí kò ní ẹni tó ń sọ ọ́ kì í ṣe èdè. Ṣé ẹ ti gbọ́ orin Magma rí?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ ọ, ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà dà mí láàmú, ni mo bá tún wá àwo Live/Hhaï jáde, mo sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mẹta.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ wọ́n, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Faransé ni Magma. Onílù wọn, Christian Vander, ló dá a sílẹ̀ ní 1969, ọdún méjì lẹ́yìn ikú John Coltrane, ẹni tí ó fẹ́ràn bí ojú. Nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ máa jáde ní 1970, Vander ti dá èdè kan sílẹ̀ fún orin náà. Kobaïan ló pè é, èdè àwọn ènìyàn tó sá kúrò láyé, tí wọ́n lọ tẹ̀dó sí pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Kobaïa. Èdè Faransé, ó ní, kò lè gbé ohun tó wà lọ́kàn òun. Oṣù kẹfà 1975 ni wọ́n gba ohùn Live/Hhaï sílẹ̀ níwájú èrò ní Taverne de l'Olympia ní Páríìsì, ó sì jáde lọ́dún yẹn kan náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Kobaïan kì í ṣe ẹnà o. Ẹnà ní èdè mìíràn lábẹ́: ọmọ tó ń fi ẹnà sọ̀rọ̀, Yorùbá ló ń sọ, ó kàn ń ki sílébù bọ àárín ọ̀rọ̀ ni, ẹni tó bá mọ òfin rẹ̀ á tú u. Kobaïan kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò já bọ́ láti ọ̀run. Ẹ wo orúkọ àwo wọn ti 1973, Mëkanïk Dëstruktïẁ Kömmandöh. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé díẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n kàn wọ̀ wọ́n láṣọ tó jọ ti Jámánì ni: kọ́ńsónáǹtì ń parí sílébù, ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì wà káàkiri, àmì olójú méjì sì gun orí fáwẹ́lì bí ẹni gun ẹṣin. Àmì yẹn, ojú ló wà fún ju ẹnu lọ, tí ẹ bá bi mí. Ohun tí fonọ́lọ́jì Yorùbá kọ̀, Kobaïan gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi nílò gbogbo kọ́ńsónáǹtì yẹn? Orí ìtàgé ni mo ti rí ìdáhùn. Köhntark ló ṣáájú nínú àwo náà, ó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, apá méjì ni wọ́n pín in sí. Orin yìí ni wọ́n ti ṣe ní sítúdíò lọ́dún tó ṣáájú pẹ̀lú orúkọ Köhntarkösz, níbi tí ìdajì àkọ́kọ́ ti ń wọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń gbé òkú ọba lọ. Níwájú èrò, Vander kò jẹ́ kó jókòó. Ibi tí ìlù bá ti bù, ibẹ̀ gan-an ni Klaus Blasquiz àti Stella Vander ń gbé k àti t àti z sí. Faransé kò lè ṣe èyí, torí òpin àpólà ló máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, onílù sì fẹ́ ibi tó wù ú. Lọ́dọ̀ wa, ìyáàlù ló ń sọ ohun tí ẹnu ń sọ, torí pé ohùn wà nínú èdè wa tí ìlù lè mú. Ti Magma yàtọ̀: ẹnu ló ń ṣe ohun tí ìlù ń ṣe. Kò sí ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀ tí orin lè bà jẹ́ nínú Kobaïan. Ẹ rántí àwọn orin ìjọ wa àtijọ́ tí ohùn òyìnbó máa ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà mọ́ wa lẹ́nu. Vander kò ní wàhálà yẹn rárá.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn akọrin náà ń jùmọ̀ kọ sílébù kan náà, ẹnikẹ́ni kò kọsẹ̀. Ẹni tó bá kàn ń ya ẹnu rẹ̀ lásán, ta ni yóò bá a gbe orin? Nítorí náà ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀, wọ́n ti há a sórí.

Kobah, èyí tí wọ́n tún ṣe láti inú orin Kobaïa ti àwo àkọ́kọ́, mo lè ṣe láìsí i. Lïhns dùn, kò sì pẹ́. Hhaï ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Vander fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń ròkè, ó ń gbọ̀n, ìwọ̀n tí mi ò bá ṣe lẹ́yìn wákàtí ìdajì ariwo ni ó fi tù mí. Ìgbà yẹn ni mo gbà pé kì í ṣe líle nìkan ni èdè náà mọ̀.

Mëkanïk Zaïn ló kẹ́yìn, apá kan nínú Mëkanïk Dëstruktïẁ Kömmandöh ni. Nínú àwo 1973, fèrè àti agbo akọrin ló kún un. Ní 1975 kò sí fèrè mọ́. Didier Lockwood, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló dúró dípò wọn pẹ̀lú violin, ẹ̀gbọ́n gòjé wa nílé òyìnbó. Ó dá ta á títí, ó ń ta á lọ. Àwọn kan ní ó gùn jù. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí mo máa gé e sí.

Ẹjọ́ mi rèé o. Aṣọ dúdú ni wọ́n ń wọ̀ lórí ìtàgé, pẹ̀lú àmì èékánná ńlá láyà, ìró tó jọ àṣẹ ọmọ ogun Jámánì sì ń jáde lẹ́nu wọn, ní ìlú tí ọmọ ogun Jámánì gbà láti 1940 sí 1944. Àwọn kan nínú èrò á ti tó ọjọ́ orí ẹni tó lè rántí. Ìró èdè máa ń gbé ibi tó ti wá dání. Bí ọ̀rọ̀ bá ní ìtumọ̀, akọrin lè sọ pé, "Ohun tí mo ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn," kí ó sì tọ́ka sí gbólóhùn náà. Kobaïan kò fún olùgbọ́ ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn olùgbọ́ ló máa ń kún àyè tó ṣófo, ìbẹ̀rù sì wà lára rẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n ní èrò burúkú. Mo sọ pé wọ́n kó ìró kan tó wúwo, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé kò wúwo.

Nítorí náà, ọmọ mi, ohun tí mo sọ ní kíláàsì ṣì dúró: ẹ ò lè fi Kobaïan tọrọ omi mu. Ṣùgbọ́n n óò yọ "kì í ṣe èdè" kúrò nínú nóòtù mi, n óò fi "kò tíì di èdè" sí i. Ẹ gbọ́ Hhaï lálẹ́ nígbà tí ilé bá ti parọ́rọ́. Köhntark, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ń wa mọ́tò.